Ta Ló Sín? Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ̀ Ń Kọ Ìtàn Iwin Apanilẹ́rìn-ín Fọ́mọdé

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, ẹ̀yin olóòtú, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ ìwé ọmọdé jáde,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ pọ̀ jù ni, n ò lè máa kan ilẹ̀kùn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé, n ò kọ ìwé kankan rí, iṣẹ́ tèmi ò ju kí n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́ kí n máa kàwé sókè fáwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì, obìnrin ọmọ ọdún 9 (òun ni ẹ̀gbọ́n) àti ọkùnrin ọmọ ọdún 7 (òun ni àbúrò). Ìwé iwin ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé yìí. Kì í ṣe iwin tó ń pa èèyàn o, iwin tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. À ń ka ìwé kan, n ò ní dárúkọ ẹ̀, torí kì í ṣòun nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa gan-an. Nǹkan kan ń mí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan. Ó ń mí, ó ń kùn, nígbà tó yá ó sín, ọmọ inú ìwé náà sì dáhùn pé "pẹ̀lẹ́ o" kó tó wá rántí pé òun nìkan ló wà nínú yàrá. Háà, ẹ̀rín pa wá! Síbẹ̀ àbúrò ti sún mọ́ mi gbágbáágbá, ó ti kó ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì, kò fẹ́ kí ìkankan kanlẹ̀ mọ́. Èmi náà ń rẹ ohùn sílẹ̀, mo ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, wọ́n ní ọmọ náà lajú, ó rí i pé àlá lòun ń lá, pé kọ́tìnì ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ látàárọ̀. Ó tán. Ọmọ ọdún 7 yìí ò sọ̀rọ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ṣí i síwá sẹ́yìn, ó fìka tọ ibi tí wọ́n ti lẹ àwọn ojú ìwé pọ̀, ó wá wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ṣé ojú ìwé tó kù ti já ni?"

Mo ní kò já. Ó ní, "Ta ló wá sín?"

Ẹ̀yin ni mo wá fi ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí báyìí, torí èmi ò rí èsì kankan fọ́mọ ọlọ́mọ. Ta ló sín? Ṣé kọ́tìnì máa ń sín ni?

Ẹ̀bẹ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ kí iwin yín jẹ́ iwin. Kó kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù díẹ̀ kó tó pa wá lẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín tí ẹ̀rù ò ṣáájú ẹ̀ nínú irú ìtàn yìí, ẹ̀rín ẹnu lásán ni, ọmọ á rín in fún yín nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ fọwọ́ bojú, ẹ ṣí i lójijì, "bòó!", ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ tún un ṣe, á tún rín in. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú wò ó láàárín ìka yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì bojú, kì í rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ńṣe ló máa ń dákẹ́ lọ gbári, ojú ẹ̀ á là rekete, ó ń ronú pé níbo ni èèyàn yìí gbà lọ. Ibẹ̀ yẹn gan-an lẹ̀rín ti ń kóra jọ. Ẹ jókòó síwájú ẹ̀ láìbojú kẹ́ ẹ máa sọ "bòó, bòó" fún un, ẹ máa rí i, á kàn gbójú kúrò lára yín ni, á wá nǹkan mìíì tó máa fi ṣeré.

Lọ́dún 2010 àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Peter McGraw àti Caleb Warren, ṣàlàyé ohun tí wọ́n rò pé ó ń mú kí nǹkan pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nǹkan náà ní láti dà bíi pé ó lòdì, bíi pé ó léwu, kó sì tún hàn síni lójú kan náà pé kò sí ewu níbẹ̀. Méjèèjì pa pọ̀ ni o. Èmi á wá fi tèmi kún un: tó bá jẹ́ ewu nìkan, ẹkún ni, tí kò bá sí ewu rárá, oorun ni. Púpọ̀ nínú ìwé yín báyìí, oorun ni. Òótọ́ ni pé alẹ́ la máa ń kà á, oorun náà la sì ń wá, ṣùgbọ́n irú yẹn kọ́.

Ẹ má sì rò pé nǹkan tuntun ni mò ń béèrè. Ó ti tó bíi 1,900 ọdún tí ará Róòmù kan, Pliny, kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Sura (lẹ́tà lòun náà kọ o, bíi tèmi), tó sọ ìtàn ilé kan ní Áténì fún un. Lóru, ṣéènì á máa dún nínú ilé náà, á kọ́kọ́ dún lọ́nà jíjìn, á máa sún mọ́ tòsí, bàbá arúgbó kan á sì yọ, ó rù kan egungun, irùngbọ̀n ẹ̀ gùn, irun orí ẹ̀ dúró ṣánṣán, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò lè sùn, ilé wá dahoro. Ọ̀mọ̀ràn kan tó ń jẹ́ Athenodorus dé ìlú, ó gbọ́ iye tí wọ́n ń pe ilé náà, ó ní owó yìí mà kéré jù, ó wádìí ẹ̀, wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ó ní ẹ̀ẹ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kóun fẹ́ gbà á. Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó ní kí wọ́n tẹ́ ibùsùn fóun níwájú ilé, kí wọ́n gbé fìtílà àti ohun ìkọ̀wé wá, ó ní káwọn èèyàn òun wọ iyàrá inú lọ, ó dorí kodò, ó ń kọ̀wé. Ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò wòkè. Ṣéènì dé ẹnu ọ̀nà. Kò wòkè. Ṣéènì wọlé. Ó wá wòkè, ó rí bàbá náà tó dúró síbẹ̀, tó ń fìka pè é pé máa bọ̀. Ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó fọwọ́ ṣe é fún iwin pé dúró ná, ó padà sídìí ìwé ẹ̀.

Iwin tó ti lé gbogbo èèyàn kúrò nínú ilé, òun ni wọ́n ní kó dúró! Bàbá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi ṣéènì lókè orí ọkùnrin náà, ṣéṣéṣé, bí ẹni tó ti pẹ́ lórí ìlà tí wọn ò dá lóhùn, ìgbà yẹn ni Athenodorus tó gbé fìtílà tẹ̀ lé e. Wọ́n dé àgbàlá, iwin pòórá. Ó sàmì síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì wọ́n gbẹ́lẹ̀, egungun èèyàn ni wọ́n bá pẹ̀lú ṣéènì tó wé mọ́ ọn, wọ́n sin ín bó ṣe yẹ, ìdààmú tán nínú ilé.

Mo sọ ìtàn yìí fáwọn ọmọ méjèèjì, n ò yọ egungun kúrò, n ò sọ pé àlá ni. Nígbà tí ṣéènì dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n di ìrọ̀rí mú. Nígbà tọ́kùnrin yẹn sọ pé dúró ná, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àbúrò ṣubú kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wàhálà tó wá kù fún mi ni pé látọjọ́ náà, tí mo bá ti pe ẹ̀gbọ́n pé ó wá fọ abọ́, ọwọ́ ló máa gbé sókè láìwòkè, ó ń kọ̀wé.

Kẹ́ ẹ má bàa ṣì mí gbọ́, kò pọn dandan kí iwin wà nínú ìtàn iwin. Plautus tó ń kọ eré orí ìtàgé ní Róòmù ní bíi 2,200 ọdún sẹ́yìn ṣe ọ̀kan tí kò sí iwin kankan nínú ẹ̀. Bàbá kan ti ìrìn àjò dé, kò mọ̀ pé ọmọ òun ti sọ ilé di ilé fàájì, ẹrú wọn tó gbọ́n bí ìjàpá sáré ti gbogbo wọn mọ́nú ilé, ó lọ pàdé bàbá lóde, ó ní ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn o, iwin ti gba ilé. Bàbá gbà á gbọ́, ó ń gbọ̀n. Ẹrú náà ń gbọ̀n ní tiẹ̀, torí ó mọ̀ pé táwọn tó wà nínú ilé bá pariwo pẹ́nrẹ́n, ó ti bà jẹ́ fóun. Kò síwin, àmọ́ ẹ̀rù wà, ẹ̀rù gidi, ti bàbá àti ti ẹrú. Ó sì dùn torí pé àwa tá à ń wò ó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé irọ́ ni. Bàbá ni wọ́n ń tàn. Ìwé kọ́tìnì yẹn ní tiẹ̀, àwa tá a sanwó rà á ló tàn jẹ.

Ẹni tó wá mọ̀ ọ́n ṣe jù lójú tèmi ni Oscar Wilde, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland, nínú ìtàn tó pè ní The Canterville Ghost, lọ́dún 1887. Iwin tiẹ̀ ti lo 300 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nínú ilé ńlá kan, ó ní oríṣiríṣi ìmúra fún oríṣiríṣi ìdẹ́rùbani, bí eléré orí ìtàgé, ó sì máa ń fi iṣẹ́ ẹ̀ yangàn. Ìdílé ará Amẹ́ríkà kan wá ra ilé náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó fa ṣéènì ẹ̀ jáde, baálé ilé ṣílẹ̀kùn, ó bẹ̀ ẹ́ pé sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi epo sí ṣéènì yìí, ó sì gbé ìgò epo kan kalẹ̀ fún un, ó padà lọ sùn. Àwọn ìbejì ilé náà ju ìrọ̀rí sí i. Ẹ̀jẹ̀ kan wà nílẹ̀ ilé náà tí kì í kúrò, ọmọkùnrin wọn àgbà fi nǹkan ìfọdọ̀tí nù ún nù, ilẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ tún ti dé, wọ́n nù ún, ó tún dé, àfi bó ṣe di pé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń yí padà, lọ́jọ́ kan ẹ̀jẹ̀ wá di àwọ̀ ewé! Kí ló fà á? Ọ̀dà tọ́mọbìnrin ilé fi ń yàwòrán ni iwin ń jí fi tún ẹ̀jẹ̀ náà ṣe lóru, pupa sì ti tán nínú ẹ̀.

Ibi tí pupa ti tán yẹn, mo ti kà á fún wọn n ò mọye ìgbà, mo ṣì máa ń dúró rẹ́rìn-ín kí n tó lè kà á lọ. Ṣẹ́ ẹ rí i, iwin yẹn ò ṣàwàdà rárá. Òun ò mọ̀ pé inú ìtàn apanilẹ́rìn-ín lòun wà. Apààyàn ni, òkú ni, iṣẹ́ ẹ̀ ló dojú kọ, ayé ló kọ̀ tí ò fọ̀wọ̀ ẹ̀ wọ̀ ọ́. Torí náà nígbà tọ́mọbìnrin yẹn wá jókòó tì í, tó gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ pé ó ti tó 300 ọdún tóun ti sùn kẹ́yìn, pé ó ti rẹ òun, ẹ̀gbọ́n tó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ látọjọ́ mẹ́ta ló fa imú fíìn, tó ní catarrh ni.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ òfin. Iwin gbọ́dọ̀ ní òfin, kẹ́ ẹ sì pa á mọ́. Àwọn kan nínú yín á jẹ́ kí iwin gba ara ògiri kọjá lójú ìwé 4, tó bá wá di ojú ìwé 9, ilẹ̀kùn á há a lọ́wọ́ nítorí kó lè pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin rò pé àwọn ọmọ ò rí i? Wọ́n rí i ju yín lọ. Àbúrò bi mí lẹ́ẹ̀kan pé tíwin bá lè gba ara ògiri kọjá, kí ló dé tí kì í já gba ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀? N ò mọ̀ ọ́n. Ó ronú sí i, ó ní bóyá ó máa ń rántí láti dúró ni. Ẹ̀gbọ́n ní tó bá wá gbàgbé ńkọ́? Ó ní á já sílé àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀, á sọ pé ẹ má bínú, á tún gun àtẹ̀gùn padà wá sókè, torí ó níwà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìtàn gidi tí wọ́n kọ lẹ́nu ìṣẹ́jú méjì, láìṣe iwin ní yẹ̀yẹ́, láìsọ pé àlá ni! Iwin onígbàgbé tó ń já sílé aládùúgbò. Ta ló fẹ́ kọ ọ́ nínú yín? Ọ̀fẹ́ ni mo fi ta yín lọ́rẹ, ẹ sáà fún wọn ní ẹyọ kan tó bá jáde.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà ńkọ́. Aṣọ funfun tẹ́ ẹ máa ń fi bo iwin nínú àwòrán, aṣọ òkú ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yúróòpù láyé àtijọ́ ọ̀pọ̀ tálákà ni kì í ní pósí, aṣọ ni wọ́n fi ń wé wọn sin, ìdí nìyẹn tíwin wọn fi ń jáde bí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n wá ní ó dáa, èèyàn ló kú, ẹ̀mí ẹ̀ ló padà wá, ṣé aṣọ náà kú ni? Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Lọ́dún 1863 George Cruikshank, ayàwòrán ńlá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé pélébé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ó ń fi àwọn tó láwọn ti rí iwin ṣẹlẹ́yà, ó ní ṣé ìbọ̀sẹ̀ àti ṣòkòtò náà lẹ́mìí ni? Àgbàlagbà ẹni 70 ọdún o. Èmi ò ní sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi dáhùn, ó sáà dá mi lójú pé ìtàn pọ̀ níbẹ̀.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù ti ń ba ẹ̀yin náà. Òbí ni. Òbí á kọ̀wé pé ọmọ òun ò sùn mọ́. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1954 ní Amẹ́ríkà ariwo pọ̀ lórí ìwé àwòrán tó ń bani lẹ́rù, wọ́n ní òun ló ń bọ́mọ jẹ́, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde kóra jọ wọ́n ṣòfin de ara wọn, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí òkú tó ń rìn, kò gbọ́dọ̀ sí iwin amùjẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó ń di ìkookò, ó di 1971 kí wọ́n tó dẹ ẹ́ díẹ̀. Casper, iwin kékeré tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló kàn ń wá kiri, ń tà ní tiẹ̀ láàárín gbogbo ìgbà yẹn. Èmi ò bá Casper jà o. Ẹ kàn wo ohun tó ń dùn nínú tiẹ̀ dáadáa: òun ò fẹ́ dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ṣì wà nílé! Ẹ̀yin wá mú ọ̀rẹ́ wíwá yẹn, ẹ fi sísá sílẹ̀. Gbogbo iwin tá à ń bá pàdé báyìí ló ń wá ọ̀rẹ́, wọ́n sì ń rí i lójú ìwé kẹta, tó bá ti di ojú ìwé kẹwàá wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bó ṣe máa fọ eyín. Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n fọ eyín, ẹ fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi jàre.

Ká sòótọ́ sá, àwọn òbí yẹn ò jẹ̀bi tán. Èmi náà ti ṣe é rí. À ń ka ìwé kan tó gùn, orí ìwé náà parí síbi tí nǹkan ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, kọ̀... kọ̀-kọ̀... kọ̀..., oorun ń kùn mí, mo pa ìwé dé, mo ní ó dọ̀la. Ẹ̀yin èèyàn mi, alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sin ẹ̀gbọ́n lọ ilé ìyàgbẹ́ ní aago méjì òru, mo máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo tún gbọ́dọ̀ máa kọrin kó lè mọ̀ pé n ò tíì lọ. Nígbà tá a wá ṣí ojú ìwé tó kàn, iwin yẹn ti sọ bàtà ẹsẹ̀ kan nù ni, òun ló fi ń dún bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ọ̀kan ò wọ̀. Ojú ìwé ẹyọ kan péré ló wà láàárín èmi àti oorun mi! Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ẹ má yọ ẹ̀rù kúrò, ibi tẹ́ ẹ ti ń dáwọ́ dúró ni kẹ́ ẹ tún wò. Ẹ má parí orí ìwé síbi tí àtẹ̀gùn ti ń dún. Ẹ parí ẹ̀ lẹ́yìn bàtà. Ẹ sì kọ ọjọ́ orí sẹ́yìn ìwé tọkàntọkàn, ọmọ ọdún 4 tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn sọ, kì í ṣẹgbẹ́ ọmọ ọdún 9 tó fẹ́ kẹ́ ẹ dẹ́rù ba òun.

Ìwé kọ́tìnì yẹn ṣì wà nílé wa. Mo ti fẹ́ fi ta ẹnì kan lọ́rẹ lánàá, mo kọ́kọ́ ṣí i wò, mo bá a tí àbúrò ti fi pẹ́ńsùlù kọ ojú ìwé tó kù sínú páálí ẹ̀yìn, lẹ́tà gàdàgbà gadagba. Báyìí ló kọ ọ́:

"Kọ́tìnì sín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà ní pẹ̀lẹ́ o. Kọ́tìnì ní ẹ ṣeun."

N ò fi ta ẹnikẹ́ni mọ́.

Èmi ni,
Àǹtí tó ń kàwé sókè lálaalẹ́